Àgbáyun: Èso Tí Kò Dùn, Tó Ń Sọ Kíkan Di Adùn

Láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ta èso pupa kékeré kan, yálà ní gbígbẹ tàbí ní lílọ̀ tí wọ́n tẹ̀ di oníhóró, ni ọ̀rọ̀ àgbáyun ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Àwọn kan ní ṣúgà inú igbó ni. Àwọn mìíràn ní oògùn àtọ̀gbẹ ni, wọ́n ní ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ lè jẹ ohunkóhun tó bá wù ú lẹ́yìn náà láìséwu. Àwọn kan tún wà tí wọ́n gbà pé èso pupa tó máa ń so nídìí ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín gan-an ni àgbáyun. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí kò ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí irọ́ inú wọn fi ṣòro láti já.

Ohun kan ni ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ dì mú: àgbáyun kì í fi adùn kún oúnjẹ, kì í sì í yọ kíkan kúrò nínú rẹ̀. Ahọ́n ẹni tó jẹ ẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí, iṣẹ́ náà kì í sì í pẹ́ tí yóò fi tán. Gbogbo ohun tí àgbáyun lè ṣe, àti gbogbo ohun tí kò lè ṣe, inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Irú igi wo ni àgbáyun?

Igi kékeré abẹ́ òjìji ni. Kì í sábà ga ju mítà 4 tàbí 5 lọ, kì í sì í yára dàgbà rárá. Ẹni tó bá gbìn ín gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ewé rẹ̀ dúdú mínìjọ̀, ó máa ń ṣùjọ sí orí ẹ̀ka, gígùn ewé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, a lè kọjá lára rẹ̀ láìrí i. Èso rẹ̀ ni ó ń fa ojú mọ́ra: ó máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí kò tíì gbó, yóò sì pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí ó bá pọ́n tán. Gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Hóró kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, hóró náà ni ó sì gba ibi tó pọ̀ jù. Ara funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí i ká ni àwa ń wá.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Synsepalum dulcificum. Ìdílé kan náà ni òun àti àgbálùmọ̀ ti wá, inú ìdílé yìí náà sì ni igi tí a ti ń rí òrí wà. Ẹni tó bá ti jẹ àgbálùmọ̀ tí oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn létè mọ nǹkan kan nípa ìdílé náà, nítorí pé oje funfun bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn igi inú rẹ̀.

Ilẹ̀ wo ni ó ti ń hù láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀ Áfíríkà ni, ní apá ìwọ̀ oòrùn títí dé àárín gbùngbùn rẹ̀. Láti Gánà, gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin wá sí gúúsù Nàìjíríà, títí dé Kamẹrúùnù àti Kóńgò, ni a ti ń rí i nínú igbó ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní gúúsù Benin, kì í ṣe inú igbó nìkan ni ó wà: àwọn àgbẹ̀ tí ń ṣán oko máa ń dá a sí, àwọn mìíràn sì ń gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Lónìí, wọ́n ti ń gbìn ín ní Florida ní Amẹ́ríkà, ní Taiwan, àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí òtútù yìnyín kì í dé. Ní Japan, inú ilé tí wọ́n fi gíláàsì kọ́, tí wọ́n sì ń mú gbóná, ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Kí ni àwọn èèyàn ń fi í ṣe kí ayé tó mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí oúnjẹ ilẹ̀ wa ti rí ṣáájú ẹ̀rọ amómitutù. Ògì tí a rẹ kò ní pẹ́ kó tó kan. Ẹ̀kọ tó bá sun méjì nínú ewé yóò ti yí ohùn padà. Ẹmu tí a sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ dùn bí ẹni pé a fi oyin sí i, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ìwúkàrà inú rẹ̀ yóò ti jẹ ṣúgà rẹ̀ tán, yóò sì di ohun tí kì í ṣe gbogbo ẹnu ló lè gbà á. Ẹni tó bá ní àgbáyun méjì lápò lórí oko lè jẹ ẹ̀kọ àná kí ó sì mu ẹmu ìrọ̀lẹ́ láìyínmú. Iṣẹ́ tí èso yìí ń ṣe láti àtijọ́ nìyẹn: ó ń mú kí oúnjẹ tí à bá dà nù ṣeé jẹ.

Àwọn àlejò tó wá sí etí òkun wa rí i pẹ̀lú. Chevalier des Marchais, ará Faransé, tó rìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1725, ṣe àkíyèsí pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ èso kékeré kan ṣáájú oúnjẹ kí ohun tó kan lè dùn lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1852, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní kíkún, ó sì dárúkọ ohun tí wọ́n ń fi í tọ́ ṣe: kẹ́ńkẹ́ tó ti kan, ẹmu tó ti kan, àti pitó, ọtí àgbàdo tàbí ọtí ọkà bàbà. Ẹni tó bá mọ oúnjẹ etí òkun láti Accra dé Èkó yóò mọ̀ pé ọkùnrin náà kò parọ́.

Kì í ṣe èso nìkan ni wọ́n ń lò. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn olóògùn ìbílẹ̀ máa ń lo ewé rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ, ara gbígbóná àti ìtọ̀ọ̀lé àwọn ọmọdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ewé àti ọ̀rọ̀ èso ti dàpọ̀ mọ́ra wọn nìyí, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ pé a ń fi ewé rẹ̀ ṣe oògùn àtọ̀gbẹ lè rò pé adùn inú èso ni ó ń ṣe ìwòsàn náà.

Báwo ni èso tí kò dùn ṣe ń sọ kíkan di adùn?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú kí ó wá àgbáyun kan tó pọ́n dáadáa. Kí ó fi eyín ya èèpo rẹ̀, kí ó máa yí ara funfun inú rẹ̀ káàkiri orí ahọ́n fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láìtètè gbé e mì, kí ó sì tu hóró rẹ̀ dà nù. Adùn tí yóò bá nínú èso náà fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí sì máa ń já àwọn tó ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní kulẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì kí ó sì lá a. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ yóò wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wà, ọ̀fun lè ta díẹ̀, ṣùgbọ́n orí ahọ́n yóò gba omi rẹ̀ bí ohun tí a pò mọ́ ṣúgà.

Ahọ́n wa ní àwọn ibùdó kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kan ń mọ adùn, àwọn kan ń mọ kíkan, àwọn mìíràn ń mọ ìkorò tàbí iyọ̀. Bí ṣúgà bá dé ibùdó adùn, ibùdó náà yóò ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohun dídùn ti dé. Nínú ara funfun àgbáyun ni purotéènì kan wà tí wọ́n sọ ní miraculin. Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 1968 lórí bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nínú èso náà; àwọn onímọ̀ kan ní Netherlands ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́dún yẹn. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ Japan to àwọn amino acid, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó para pọ̀ di purotéènì náà, lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì rí i pé 191 ni wọ́n.

Miraculin máa ń lẹ̀ mọ́ ibùdó adùn, ṣùgbọ́n kì í mú kí ó ránṣẹ́ kankan. Ẹ wò ó bí ẹni tó gbé gángan kọ́ èjìká. Bó ti wù kí ìlù náà dára tó, kò ní í dún títí kọ̀ǹgọ́ yóò fi kàn án lójú awọ. Miraculin ni gángan tí a gbé kọ́, kíkan sì ni kọ̀ǹgọ́. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá ti kan ahọ́n, kíkan inú rẹ̀ yóò mú kí miraculin yí ìrísí rẹ̀ padà, ìyípadà yìí ni ó sì ń ru ibùdó adùn sókè tí yóò fi máa kígbe sí ọpọlọ pé adùn dé. Bí itọ́ bá ti ṣan kíkan náà lọ, ìlù yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà léjìká. Bí a bá tún lá ọsàn náà, yóò tún dún. Báyìí ni yóò ṣe máa rí títí itọ́ yóò fi fọ miraculin kúrò lórí ahọ́n díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí kí ó tó wákàtí méjì, bí ohun tí ẹni náà jẹ bá ti pọ̀ tó.

Àwọn onímọ̀ Japan ni wọ́n fi ìdí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ: nígbà tí kò bá sí kíkan rárá, miraculin tó jókòó sí ibùdó adùn máa ń dí àwọn ohun dídùn mìíràn lọ́wọ́ níbẹ̀. Èso tí gbogbo ayé ń pè ní aládùn, iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ ni láti dínà mọ́ adùn.

Láti inú àlàyé yìí ni a ti lè dáhùn àwọn ìbéèrè kéékèèké tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè. Omi lásán kò ní í dùn lẹ́yìn àgbáyun, nítorí pé kò kan. Ewúro yóò korò bó ṣe máa ń korò, nítorí pé ìkorò kì í ṣe kíkan, ibùdó ọ̀tọ̀ ni ó sì ń lọ. Ata kò ní í yé ta. Iyọ̀ kò ní í yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tíì pọ́n tán, tòmátì, ọtí kíkan àti wàrà tó ti dì, gbogbo wọn ni yóò yí padà lẹ́nu, nítorí pé kíkan wà nínú wọn.

Ṣé àgbáyun àti èso ewé eéran kì í ṣe ọ̀kan náà?

Rárá. Ewé eéran, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, kì í ṣe igi. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń ta ọ̀pá ewé kọ̀ọ̀kan sókè, èso rẹ̀ sì máa ń so mọ́lẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ó ní igun mẹ́ta, ó pupa, hóró dúdú sì wà nínú rẹ̀ tí ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ilá bò lórí. Ohun yíyọ̀ yẹn dùn fúnra rẹ̀, láìdúró de kíkan kankan. Purotéènì inú rẹ̀ ni thaumatin, ìwọ̀n kan náà rẹ̀ sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bíi 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ń yọ ọ́, wọ́n sì ń lò ó nínú oúnjẹ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, E957 ni nọ́ńbà tí a máa rí lára páálí oúnjẹ tó bá wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Daniell tó kọ̀wé nípa àgbáyun ní ọdún 1852 kan náà ni ó tún kọ̀wé nípa èso ewé eéran ní ọdún 1855, èso ìyanu ni ó sì pe àwọn méjèèjì fún àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ewé eéran nínú èdè àwọn onímọ̀ ewéko: Thaumatococcus daniellii. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kọ̀wé láìtíì rí ewéko méjèèjì rí ti ń fi àwòrán ọ̀kan ṣe àkọlé èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ra èso tútù kí ó wo hóró inú rẹ̀: ẹyọ kan tó ń dán ni ti àgbáyun, ó sì fẹ́ jọ hóró kọfí, ti ewé eéran máa ń ju ọ̀kan lọ, ó dúdú, ó sì le.

Kí ló dé tí wọn kì í fi í sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò?

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1960, Robert Harvey àti Don Emery dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Massachusetts tí wọ́n sọ ní Miralin, èrò wọn sì ni láti fi àgbáyun ṣe oúnjẹ tí kò ní ṣúgà fún àwọn alátọ̀gbẹ àti àwọn tó ń ṣọ́ ara wọn. Ní ọdún 1974, nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ọjà jáde, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sọ pé ohun àfikún sí oúnjẹ ni yóò jẹ́, àyẹ̀wò ọlọ́dún púpọ̀ sì gbọ́dọ̀ wáyé kí wọ́n tó lè lò ó bẹ́ẹ̀. Owó wọn kò gbé e, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Harvey fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn kan ń tẹ̀lé òun lẹ́yìn nígbà náà, àti pé wọ́n fọ́ ọ́fíìsì àwọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tipa bẹ́ẹ̀ nàka sí àwọn oníṣòwò ṣúgà. Ẹ̀sùn yẹn kò fìdí múlẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni pé ìpinnu 1974 kò sọ pé májèlé ni àgbáyun, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń kọ ọ́ kiri.

Bí kò bá tilẹ̀ sí òfin, iṣẹ́ náà kò ní í rọrùn. Iná máa ń ba miraculin jẹ́, nítorí náà a kò lè sè é tàbí kí a fi í sínú ohun tí a óò yan. Èso náà fúnra rẹ̀ kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá já a, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á lókèèrè fi ń mú un dì kí wọ́n tó gbẹ omi ara rẹ̀ láìlo iná. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tsukuba ní Japan tilẹ̀ ti gbin àbùdá rẹ̀ sínú tòmátì, kí tòmátì lè máa pèsè miraculin dípò igi tí ń falẹ̀ dàgbà. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí a máa ta èso náà ní gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ fún àgbàlagbà, láìka àwọn aboyún àti àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú mọ́ ọn.

Ṣé ó ń wo àtọ̀gbẹ?

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè fi àgbáyun mu ògì láìfi ṣúgà sí i, kí ó sì gbádùn rẹ̀. Àǹfààní gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògì náà ṣì jẹ́ ògì: ohun tí àgbàdo inú rẹ̀ yóò di nínú ẹ̀jẹ̀ kò yí padà nítorí pé ahọ́n rò pé ohun mìíràn ni ó jẹ. Bí ẹni náà bá sì jẹ àgbáyun tán tó lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó kún fún ṣúgà, gbogbo ṣúgà inú ìgò náà ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ.

Ní ti ìwòsàn, àwọn onímọ̀ ní Taiwan gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2006 tó fi hàn pé èso náà tí wọ́n lọ̀ kúnná ran àwọn eku tí wọ́n fi ṣúgà èso bọ́ lọ́wọ́, tí ara wọn fi túbọ̀ ń gba insulin, èròjà ara tí ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Eku ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn kò gbọdọ̀ torí iṣẹ́ yìí pa oògùn rẹ̀ tì, bó ti wù kí ẹni tó ń ta àgbáyun fún un lahọ́n dídùn tó.

Àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ máa ń sọ pé oúnjẹ ń dà bí irin lẹ́nu wọn. Ní ọdún 2012, àyẹ̀wò kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní àgbáyun, ó sì mú kí oúnjẹ túbọ̀ ṣeé jẹ fún wọn. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìrètí ni a lè pè é, a kò tíì lè pè é ní ẹ̀rí.

Ewu kan wà tí àwọn oníṣòwò kì í sábà mẹ́nu bà. Kíkan tí ahọ́n kò mọ̀ lára mọ́ kò kúrò nínú oúnjẹ. Ẹni tó bá jókòó ti abọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó ń mu ún ní àmutẹ́rùn nítorí pé ó dùn, eyín rẹ̀ ń jìyà omi kíkan náà, inú rẹ̀ pẹ̀lú sì ń gbà á. Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ṣọ́ra gan-an. Ahọ́n tó ń kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ni àgbáyun ti pa lẹ́nu mọ́.

Báwo ni a ṣe ń gbìn ín?

Hóró rẹ̀ kò ṣeé tọ́jú. Bí ó bá ti gbẹ, kò ní í hù mọ́, nítorí náà ọjọ́ tí a bá jẹ èso náà ni ó dára jù pé kí a fọ hóró rẹ̀ kí a sì gbìn ín, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó hù. Ilẹ̀ tí kò ní ẹfun, irú ilẹ̀ kíkan abẹ́ igbó tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, ni ó fẹ́. Ilẹ̀ tí a kó ìdọ̀tí sìmẹ́ǹtì dà sí lẹ́yìn ilé tuntun yóò sọ ewé rẹ̀ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó fẹ́ omi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dá gún sí òun nídìí. Abẹ́ igi tó ga jù ú lọ ni kí a fi sí nígbà tó bá ṣì kéré, kí oòrùn ọ̀sán má baà jó o. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a óò fi dúró kí ó tó so èso àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó lè máa so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lẹ́yìn àkókò òjò, àwọn ẹyẹ a sì máa tètè débẹ̀ ju onígi lọ bí a kò bá ta àwọ̀n bò ó.